Orúkọ Inú Fọ́ọ̀mù Báǹkì Kọ́ Ló Ń Jogún

Ọ̀rọ̀ ogún ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fẹ́ pa rédíò tí wọ́n bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, torí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ogún ara rẹ̀ ń ránṣẹ́ sí ikú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pa á. Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín àti ọmọ yín ni.

Ibi tó sún mọ́ wa jù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá lọ ṣí àkáǹtì ní báǹkì, wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù fún wa. A ó kọ orúkọ, a ó kọ àdírẹ́sì, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí a ó dé ibi tí wọ́n kọ next of kin sí. Ẹlòmíràn á kọ orúkọ àbúrò rẹ̀, ẹlòmíràn á kọ ti àkọ́bí rẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbéyàwó á kọ ti ìyá rẹ̀, á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí tí yóò fi bí ọmọ mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì gbà pé ẹni tí a kọ sínú àlàfo kékeré yẹn ni owó wa yóò bọ́ sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a kò bá sí mọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní òfin Nàìjíríà, ẹni tí báǹkì lè pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wa ni next of kin. Kò sọ ọ́ di ajogún. Tí báǹkì bá ti gbọ́ pé ẹni tó ni àkáǹtì ti kú, wọ́n á ti àkáǹtì náà pa. Ìwé ilé ẹjọ́ gíga ni wọn yóò wá máa béèrè. Tí olóògbé bá ti kọ ìwé ìhágún, ìwé tí ilé ẹjọ́ fi jẹ́rìí sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní probate, ni wọ́n ń fẹ́. Tí kò bá kọ ọ́, wọ́n á ní kí ẹbí lọ gba Letters of Administration, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ilé ẹjọ́ ń fún àwọn tí yóò bójú tó ohun tó fi sílẹ̀. Opó tó dúró níwájú káńtà báǹkì, tó ń sọ pé orúkọ òun ló wà nínú fọ́ọ̀mù, òótọ́ ló ń sọ. Kò kàn wúlò fún un lọ́jọ́ yẹn ni, bẹ́ẹ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò sì ní dúró dè é.

Tí kò bá wá sí ìwé ìhágún, báwo ni wọ́n ṣe ń pín ogún? Nínú àṣà wa, ọ̀nà méjì ni. Èkíní ni ìdí-igi: iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni wọ́n á kà, ìpín kọ̀ọ̀kan á sì lọ sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni orí-ò-jorí: iye ọmọ ni wọ́n á kà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀.

Gbogbo ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ilẹ̀ yìí ló mọ ẹjọ́ Suberu Dawodu. Ará Èkó ni ọkùnrin náà. Ó kú láìkọ ìwé ìhágún, ìyàwó mẹ́rin sì ni ó tara wọn bí ọmọ mẹ́sàn-án. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ogún rẹ̀. Àwọn kan ní ìdí-igi ni, àwọn kan ní orí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ gbè sẹ́yìn orí-ò-jorí, wọ́n ní òun ló bá ayé òde òní mu. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ yìí nígbà náà sì dá ìdájọ́ náà nù. Ẹjọ́ gbéra, ó di Lọ́ńdọ̀nù, níwájú Privy Council, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa ṣì ń parí sí nígbà náà. Ní 1962, àwọn adájọ́ yẹn fi òǹtẹ̀ lù ú pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà pín ogún tó bá rí i pé ìjà fẹ́ dé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ inú ilé ṣe rìn jìnnà tó, láti pálọ̀ Èkó dé iwájú àwọn òyìnbó adájọ́, lórí ohun tí bàbá ìbá ti fi ojú ìwé kan ṣoṣo yanjú.

Ìdájọ́ yẹn ṣì wà títí dòní. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó túmọ̀ sí. Ká ní bàbá kan ní ìyàwó méjì. Ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó kejì bí márùn-ún. Ó fi mílíọ̀nù mẹ́fà náírà sílẹ̀. Ní orí-ò-jorí, mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ni ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú. Ní ìdí-igi, ọmọ ìyálé nìkan á mú mílíọ̀nù mẹ́ta, àwọn márùn-ún yòókù á sì pín mílíọ̀nù mẹ́ta, ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bóyá bí bàbá ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ìyálé ti di ọ̀gá ńlá ní ibi iṣẹ́ epo, tí èyí tó kéré jù nínú àwọn márùn-ún ṣì wà ní pírámárì. Àṣà kò lè mọ ìyẹn. Bàbá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Ohun kan wà nínú àṣà wa tí mo fi ń yangàn: ọmọbìnrin Yorùbá ń jogún bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin ṣe ń jogún rẹ̀. Láti 1908, nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní Èkó, ilé ẹjọ́ ti sọ pé obìnrin lè di olórí ẹbí tó bá jẹ́ òun ló dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tó kù láyé. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin pé kó máa lọ jogún nílé ọkọ, àṣà tí kì í ṣe tiwa ló ń sọ.

Ilé ọkọ náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun mí jù. Nínú àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé, ìyàwó kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1957. Obìnrin tí wọ́n kó ẹrù ìdána rẹ̀, tí wọ́n fi gbogbo ẹnu súre fún un, tó fi ogún ọdún bá ọkọ rẹ̀ ru bíríkì, tí kò sì sí ìwé kankan láàárín wọn, ipasẹ̀ ọmọ rẹ̀ nìkan ni yóò fi máa gbé inú ilé yẹn. Tí kò bá bímọ, kò ní ìdí igi kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kí ni ìyàwó yín fẹ́ fi ìwé ṣe, ohun tó fẹ́ fi ṣe nìyẹn.

Ìgbéyàwó alárédè yàtọ̀. Ní 1898, ilé ẹjọ́ ní Èkó gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cole, tó ṣe ìgbéyàwó alárédè tó sì kú láìkọ ìwé ìhágún. Arákùnrin rẹ̀ ní òun ni ogún kàn gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ilé ẹjọ́ ní rárá, ẹni tó bá fẹ́yàwó lọ́nà yẹn ti gbé ọ̀rọ̀ ogún rẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣà. Lónìí, lábẹ́ òfin Èkó àti ti àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní Western Region àtijọ́, tí ẹni tó ṣe irú ìgbéyàwó yìí bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ ni ti opó, ìdá méjì yòókù jẹ́ ti àwọn ọmọ. Àmọ́ ẹ yẹ ìwé yín wò dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ìgbéyàwó inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìgbéyàwó alárédè lójú òfin. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, tó sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ti ìjọba, ni òfin mọ̀. Àkàrà òyìnbó àti aṣọ funfun kò kún un.

Ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ̀sìn yín ti pín tirẹ̀ sílẹ̀. Tí ọkọ bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni gbogbo ìyàwó rẹ̀ yóò jọ pín, ọmọkùnrin á gba ìlọ́po méjì ìpín ọmọbìnrin, ohun tí ènìyàn sì lè fi ìwé yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Síbẹ̀, ìwé kíkọ wúlò fún yín náà. Ẹ jókòó pẹ̀lú àlùfáà tó mọ ìmọ̀ pínpín ogún àti lọ́yà, kí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀.

Ó yá, ìwé ìhágún fúnra rẹ̀. Mo jókòó rí ní ilé ìyá oníṣòwò kan ní Ìbàdàn, níjọ́ tó pe lọ́yà láti wá kọ tirẹ̀. Màmá kò mọ̀wé. Agolo bisikíìtì ńlá kan ni wọ́n gbé jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ayé wọn ló wà nínú rẹ̀: káàdì àjọ tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀, ìwé kọpurétíìfù, sọ́fè tó ti gbó lójú ibi tí wọ́n ti ká a, risíìtì ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ kọ sórí ìwé tí wọ́n já láti inú ìwé ọmọ ilé ìwé. Lọ́yà tẹ́ sọ́fè sórí tábìlì, ó bojú wò ó, ó béèrè pé, "Màmá, ta ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbí?" Màmá ní ọmọ òun àgbà ni, òun ló mọ̀wé nígbà náà, òun ló sì bá òun lọ fọwọ́ sí i. Owó màmá ló ra ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ló wà lórí gbogbo ìwé rẹ̀. Ìyá kò lè há a fún àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù, torí lójú ìwé kì í ṣe ti ìyá. Wọ́n ní láti ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ọlọ́run ṣe é, ọmọ gidi ni. Ó fọwọ́ sí ìwé pé ìyá òun ló ni ilẹ̀. Ká ní ìyá ti kú kó tó dà bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bá wọn jẹ́rìí?

Nígbà tí ìwé parí, lọ́yà kà á fún wọn ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Nígbà tó dé ibi ṣọ́ọ̀bù, màmá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin kọ ọ́ fún gbogbo wọn. Èyí obìnrin tó ń bá mi jókòó tì í ni ó ni ín, àwọn yòókù mọ̀." Wọ́n tún un kọ. Lẹ́yìn náà ni màmá ti àtàǹpàkò bọ inú íńkì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì ń wò ó, àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé a kà á fún wọn ní èdè Yorùbá àti pé ó yé wọn kí wọ́n tó tẹ ìka. Gbólóhùn yẹn ni odi tó yí ìwé náà ká. Bàbá tàbí ìyá yín tí kò mọ̀wé lè kọ ìwé ìhágún tó dúró ṣinṣin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe.

Ẹ ṣàkíyèsí àwọn ẹlẹ́rìí yẹn. Méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tí ẹni tó ni ìwé ń fọwọ́ sí i. Ẹni tí ẹ fẹ́ há nǹkan fún kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ọkọ tàbí aya rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Tó bá ṣe é, ìwé á dúró o, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ há fún un ti bọ́. Mélòó nínú wa ni kì bá pe àkọ́bí rẹ̀ pé kó wá fọwọ́ sí i, torí òun ló sún mọ́ wa jù? Ẹ pe ará àdúgbò, ẹ pe ẹni tí ẹ jọ wà lẹ́gbẹ́. Kò pọn dandan kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ọjọ́ orí bá sì ti lọ, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà pé ọpọlọ yín pé lásìkò tí ẹ kọ ọ́, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn yóò sọ ni pé bàbá kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́.

Ẹni tó bá kọ ìwé ìhágún tán, tó wá ṣe ìgbéyàwó alárédè lẹ́yìn náà, kó mọ̀ pé ìgbéyàwó náà ti pa ìwé yẹn rẹ́. Kó tún òmíràn kọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ẹbí, ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún gbogbo wa, kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè há a fún ọmọ tirẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ tìrẹ gan-an nìkan ni o lè há.

Níbo la ó wá tọ́jú rẹ̀ sí? Ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Probate Registry. Wọ́n á fi òǹtẹ̀ dì í, ẹnikẹ́ni kò ní rí inú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọn yóò kà á. Ẹ kò ní láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ẹni méjì ó kéré tán pé ó wà, kí ẹ sì sọ ibi tó wà. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa rẹ̀ kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí ẹ ń sọ lọ́kàn yín pé ẹ kò tíì ní ilẹ̀ kankan, ẹ ti bímọ, àbí? Inú ìwé ìhágún lẹ ti lè dárúkọ ẹni tí yóò gba àwọn ọmọ yín tọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì kò bá sí. Fún ẹni tó ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyẹn ju ilẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù sì tún ní ohun tí kò kà sí. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó má sì kéré sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Ọ̀pọ̀ opó kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ẹ béèrè níbi iṣẹ́ yín bóyá wọ́n ti rà á, ta ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ìyàwó yín. Ẹ sọ fún un nípa owó orí fóònù pẹ̀lú, àti nípa gbèsè, nítorí gbèsè olóògbé ni wọ́n ń kọ́kọ́ san kí ẹnikẹ́ni tó jogún.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti Houston, torí mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ sílé kí àbúrò bá a ra ilẹ̀, kó rí i pé orúkọ ara rẹ̀ ló wà lórí ìwé rẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ ìyá dára, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àbúrò yẹn kò ní mọ àdéhùn tí ẹ jọ ṣe. Òfin Nàìjíríà ló sì ń darí ilẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà, níbikíbi tí ẹ bá ń gbé. Tí ẹ bá wá kọ ìwé ìhágún kan lọ́hùn-ún, tí ẹ tún kọ òmíràn fún ohun tó wà nílé, ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn kan tó máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé wọ̀nyí, èyí tó ń sọ pé mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀. Tí lọ́yà kò bá mọ̀ pé ẹ ní méjì, èyí tí ẹ kọ kẹ́yìn lè pa èyí àkọ́kọ́.

Ó ku àwọn tí bàbá wọn ti kú, tí kò sí ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan láti ọjọ́ yìí wá. Kò tíì pẹ́. Ẹ pe ara yín jọ, kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan, obìnrin tàbí ọkùnrin. Àwọn alábòójútó kò lè ju mẹ́rin lọ, tí ọmọ tí kò tíì dàgbà bá sì wà nínú àwọn tó fẹ́ jogún, wọn kò gbọdọ̀ dín sí méjì. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí ikú, nọ́ńbà àkáǹtì àti ìwé ilẹ̀ lọ sí Probate Registry. Ilé ẹjọ́ á ní kí ẹ mú onídùúró wá, wọ́n á kéde orúkọ yín nínú ìwé ìròyìn, ẹni tó bá ní àtakò á sì lè kọ̀wé dá a dúró. Àtakò yẹn ló máa ń fa ọ̀rọ̀ náà pẹ́, ó sì sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ìdí-igi tí wọn kò pè sípàdé. Ẹ pè wọ́n. Ìyàwó tí bàbá fẹ́ síta, ọmọ tí wọ́n bí síbòmíràn, ẹ pe gbogbo wọn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 kò fàyè gbà á kí wọ́n fi ipò tí wọ́n bí ọmọ sí dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí náà bí ẹ kò bá pè é lónìí, adájọ́ á pè é lọ́la.

Àsìkò mi ti pé. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní wákàtí yìí kan náà.